Níbo Ni Tíráàmù Ń Sùn? Ìtàn Ọkọ̀ Tó Ń Gùn Sí I àti Ilé Tó Kéré Jù Fún Un

 

Ìbéèrè ọmọ ilé ìwé kan ló bí ọ̀rọ̀ tòní. À ń kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn ìlú ńlá. Àwòrán kan wà nínú ìwé wọn, àwòrán tíráàmù, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní tramway: ọkọ̀ gígùn bí ejò, tó ń gba ojú irin láàrin ìgboro, tí wáyà iná mànàmáná wà lókè orí rẹ̀. A ti ṣàlàyé bó ṣe ń rìn. A ti sọ fún wọn pé kì í rú èéfín. Ni ọmọ kan tó jókòó lẹ́yìn bá nawọ́ sókè, ó ní: “Maître, níbo ló ń sùn?”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a rò ó, a rí i pé ọmọ náà ti béèrè ohun tí àwọn ìlú ńlá gan-an máa ń gbàgbé láti béèrè. A ní kí ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí a rí nìyí.

Zémidjan ń sùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀ olówó rẹ̀. Taxi ń sùn nínú àgbàlá. Bí onítaxi bá ra ọkọ̀ tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yóò ní kí ìyàwó òun sún ìkòkò omi sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò dá ọkọ̀ náà sí igun, ọ̀rọ̀ parí. Ti tíráàmù kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú irin ló ń tẹ̀ lé. Ibi tí irin bá dé ni òun náà ń dé. Bí ó bá gùn ju irin tí wọ́n tẹ́ fún un nínú ilé lọ, ìdí rẹ̀ yóò wà níta, yóò sì dínà mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ilé ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní dépôt. Kì í ṣe pápá lásán tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Lálẹ́, nígbà tí èrò bá ti sùn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Wọ́n á fọ ọkọ̀, wọ́n á gbá inú rẹ̀. Wọ́n á bu iyanrìn sínú àpótí tó wà lára rẹ̀, nítorí iyanrìn ni awakọ̀ máa ń tú sójú irin tí òjò bá mú un yọ̀, kí ẹsẹ̀ irin ọkọ̀ lè dì í mú. Kòtò gígùn wà lábẹ́ irin kan, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ti ń dúró láti wo abẹ́ ọkọ̀. Àtẹ̀gùn àti pèpéle gíga wà níbòmíràn, nítorí lára àwọn tíráàmù òde òní, òkè orí ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wà. Àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé odindi ọkọ̀ sókè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n ti wọn ìwọ̀n wọn mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré, bí a ṣe ń ṣe é lójú pátákó. Ká ní ìlú kan tẹ́ ojú irin mẹ́wàá sínú ilé ọkọ̀ rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 90. Bí ọkọ̀ wọn bá jẹ́ mítà 30, mẹ́ta á wọ irin kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ 30 á sùn nílé. Bí wọ́n bá wá ra ọkọ̀ mítà 40, méjì péré ló máa wọ̀, mítà 10 á sì ṣòfò. Ọkọ̀ 20 á sùn nílé. Bí ọkọ̀ bá di mítà 55, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa wọ irin kọ̀ọ̀kan, mítà 35 á ṣòfò. Ọkọ̀ 10 péré ló kù. Tẹ́lẹ̀, mítà 900 ọkọ̀ ni ilé yẹn ń gbà. Ní báyìí, mítà 550 ni. Ẹ ò rí nǹkan? Ìlú tó ra ọkọ̀ gígùn kí ó lè kó èrò púpọ̀ ti pàdánù àyè bí kò bá tún ilé ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Tíráàmù kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá pátápátá. Ní ọdún 1902, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ irin tíráàmù sí Èkó. Ooru omi ló ń ti ọkọ̀ náà. Láti Ìddó, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń dé, ó máa ń gba orí afárá Carter wọ Erékùṣù Èkó. Ní ọdún 1933 ni wọ́n pa á tì. Àwọn ọkọ̀ yẹn kò dàgbà rárá kí wọ́n tó kú, nítorí náà Èkó kò bá ìṣòro tí à ń wí yìí pàdé. Láti rí i, a ní láti lọ sí ìlú méjì lókè òkun, Nantes ní ilẹ̀ Faransé àti Dublin ní ilẹ̀ Ireland.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Nantes. Orúkọ ìlú yìí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, òun ni èbúté tí òwò ẹrú ti pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Faransé, àwọn ọkọ̀ rẹ̀ sì ń wá sí etíkun wa, sí Ouidah, láti wá kó èèyàn. Lónìí, ní etí odò Loire, ní ibi tí wọ́n ń pè ní quai de la Fosse, ohun ìrántí ìparun òwò ẹrú wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012. Ọ̀nà tíráàmù àkọ́kọ́ ìlú náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń kàwé níbẹ̀ lè máa wò ó láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

Ọdún 1879 ni Nantes kọ́kọ́ ní tíráàmù tó ń fi ẹ̀rọ rìn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Louis Mékarski ló ṣe ẹ̀rọ náà. Kì í ṣe iná, kì í ṣe ẹṣin. Afẹ́fẹ́ ni, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi agbára tì mọ́nú àwọn àgbá irin lábẹ́ ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, ọkọ̀ á padà lọ gba òmíràn. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá, bí ìyá àti ọmọ ni ọkọ̀ àti ilé rẹ̀ ṣe rí: ọmọ kò lè rìn jìnnà kó má padà wá mu ọmú. Nígbà tó yá, láti ọdún 1913, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi iná mànàmáná rọ́pò afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn ogun Hitler, bọ́ọ̀sì àti mọ́tò gba ìgboro. Ìlú kan lẹ́yìn òmíràn ní ilẹ̀ Faransé ń hú irin tíráàmù dànù. Ti Nantes parí ní ọdún 1958. Ẹ di ọdún yẹn mú o, a ó tún padà sórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlú mẹ́ta péré ló ṣẹ́ ìyókù irin mọ́wọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Faransé: Lille, Marseille àti Saint-Étienne.

Nígbà tí owó epo fò sókè ní ọdún 1973, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 1975, Marcel Cavaillé tó wà nídìí ètò ìrìnnà nínú ìjọba Faransé kọ̀wé sí ìlú mẹ́jọ, ó ní kí wọ́n ronú nípa tíráàmù. Àwọn ìlú náà ni Bordeaux, Grenoble, Nancy, Nice, Rouen, Strasbourg, Toulon àti Toulouse. Ẹ kà á dáadáa, orúkọ Nantes kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ Nantes ló kọ́kọ́ ṣe é. Alain Chenard, tó di maire ìlú náà ní ọdún 1977, ló gbé iṣẹ́ náà lórí. Ní ọdún 1983 ìbò gbé e kúrò, Michel Chauty tí kò fẹ́ tíráàmù sì wọlé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti jìnnà, irin ti wà nílẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè dá a dúró. Ní January ọdún 1985, tíráàmù padà sí ìgboro Nantes. Ẹni tó gbìn ín kò sí lórí àléfà láti jẹ èso rẹ̀.

Ogún ọkọ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 28 àti ààbọ̀, abala méjì ni, pẹ̀lú oríkèé kan láàrin. Ilé wọn wà ní Dalby, ní ìhà ìlà oòrùn ìlú. Gbogbo nǹkan lọ déédéé, àfi ohun méjì. Àkọ́kọ́, èrò pọ̀. Ìkejì, ilẹ̀ inú ọkọ̀ ga, èèyàn ní láti gun àtẹ̀gùn kó tó wọlé. Arúgbó ń mí hẹlẹ, ìyá ọmọ ń wá ẹni tó máa bá a gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ, ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ kò sì lè wọ̀ ọ́ rárá. Ní ọdún 1987, Grenoble ṣe tirẹ̀, àwọn aláàbọ̀ ara ìlú náà sì ti jà títí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ sún mọ́lẹ̀. Ojú gbogbo ayé wá wà lára Nantes.

Kí ni Nantes ṣe? Wọn kò ju ọkọ̀ wọn nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n tú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí méjì ní oríkèé, wọ́n fi abala kẹta tí ilẹ̀ rẹ̀ sún mọ́lẹ̀ sáàrin, wọ́n sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ padà, bí ìgbà tí télọ̀ bá fi aṣọ kún ṣòkòtò ọmọ tó ti ga. Ọkọ̀ di mítà 39. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó: bí a bá mú ogún ọkọ̀ àkọ́kọ́ nìkan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi mítà 10 àti ààbọ̀ gùn sí i, mítà 210 ni àfikún tó ń wá ibi tí yóò sùn sí. Kò sì sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó lé lórí iye tí wọ́n ní.

Bí ìlú ti ń la ọ̀nà tíráàmù kún ọ̀nà, ilé ọkọ̀ ń pọ̀ sí i: wọ́n kọ́ ọ̀kan sí Trentemoult, wọ́n kọ́ òmíràn sí Saint-Herblain. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ọdún 1985 wá gbó, ìlú náà pàṣẹ tuntun lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Alstom ní ọdún 2020. Àwọn ìyẹn gùn tó mítà 46. Ọ̀rọ̀ ilé tún dé. Babinière ni wọ́n wá ilẹ̀ sí, ní La Chapelle-sur-Erdre, lẹ́yìn ìgboro ní ìhà àríwá, láti kọ́ ilé ọkọ̀ tuntun. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ ṣe ń rí láàrin ìgboro kò ní béèrè ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n lọ.

Ìlú kejì ni Dublin, olú ìlú Ireland, erékùṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, láti ọdún 1854, ojú irin kan wà tó ń ti ìhà gúúsù wọ ìgboro ní Harcourt Street. Wọ́n tì í pa ní ìparí ọdún 1958. Ẹ rí i? Ọdún kan náà pẹ̀lú ti Nantes. Àwa níhìn-ín náà mọ ọdún yẹn, nítorí ní December rẹ̀ ni wọ́n kéde Orílẹ̀-èdè Dahomey.

Wọ́n hú irin Harcourt Street kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀, wà bẹ́ẹ̀ láìsí ilé lórí. Afárá olókùúta onígun mẹ́sàn-án tó wà ní Milltown dúró, kò sí ẹni tó wó o. Ọdún 46 kọjá. Nígbà tí ìlú fẹ́ ní tíráàmù, ilẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ní June ọdún 2004 ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn láti St Stephen's Green lọ sí Sandyford, ní ojú ọ̀nà àtijọ́ yẹn. Luas ni wọ́n pè é, ìyẹn “ìyára” ní èdè Ireland. Afárá Milltown tún gbé ọkọ̀. Ní Dundrum níbi tí wọ́n ti yọ afárá àtijọ́ kúrò, wọ́n ní láti kọ́ òmíràn, èyí tí okùn irin gbé dúró. Èyí tí wọ́n pa mọ́, wọ́n rí i lò. Èyí tí wọ́n yọ, wọ́n fi owó tuntun kọ́ ọ.

Sandyford ni ilé ọkọ̀ wà. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ gùn tó mítà 40. Nígbà tó yá, wọ́n ra àwọn tó jẹ́ mítà 43. Ní ọdún 2017, wọ́n la ọ̀nà náà gba àárín ìgboro kọjá dé Broombridge, wọ́n kọ́ ilé ọkọ̀ kejì síbẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ra ọkọ̀ mítà 55. Èrò kò dín kù. Ní ọdún 2018 wọ́n pinnu pé kí wọ́n ra ọkọ̀ 8 sí i tó jẹ́ mítà 55, kí wọ́n sì fa 26 nínú àwọn ti mítà 43 gùn dé mítà 55. Ọ̀nà kan náà tí Nantes gbà ni: abala méje di mẹ́sàn-án.

Ẹ gbé gègé yín. Ọkọ̀ 26 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi mítà 12 gùn sí i jẹ́ mítà 312. Ọkọ̀ 8 tuntun, ní mítà 55, jẹ́ mítà 440. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 752, tí gbogbo rẹ̀ ń wá ibi tí yóò fẹ̀yìn lé lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí ètò náà kò fi lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ríra ọkọ̀ nìkan. Wọ́n ní láti fẹ ilé ọkọ̀ Sandyford, kí wọ́n sì fa pèpéle ibi tí èrò ti ń wọkọ̀ gùn, kí ẹnu ọ̀nà tó wà nídìí ọkọ̀ má baà ṣí sórí koríko. Gbogbo ìyẹn, nígbà tí èrò ń wọkọ̀ lójoojúmọ́. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń tún ilé ṣe tí àwọn ọmọ ṣì ń sùn nínú rẹ̀.

Ìlú méjèèjì gbọ́n, ìlú méjèèjì sì lówó. Síbẹ̀ kò sí èyí tó mọ̀ lọ́jọ́ kìíní pé ọkọ̀ òun yóò gùn tó bẹ́ẹ̀. A kò bá wọn wí. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n rí ilẹ̀. Owó lè ra ọkọ̀ gígùn láàrin ọdún mélòó kan. Ilẹ̀ tí ilé ti kún kì í ṣeé rà padà bẹ́ẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá, ẹ̀yin ará. A kò ní tíráàmù. Ṣùgbọ́n a ní ojú irin. Irin tó ti Kútọnu wá gba Ìdáàṣà dé Ṣàbẹ́ẹ, ibẹ̀ ló sì dúró sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó gba ibẹ̀ lọ dé Parakou ní àwọn ọdún 1930. Irin mìíràn ti Àjàṣẹ́ gba Ṣakẹ́tẹ́ lọ sí Pobẹ̀. Ní Togo, òmíràn ti Lomé lọ sí Àtàkpàmé. Àwọn baba wa ló fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ wọ̀nyẹn, púpọ̀ wọn kò sì gba owó tó tó iṣẹ́. Lónìí, ọkọ̀ kì í gba Pobẹ̀ mọ́. Àmọ́ ojú ọ̀nà náà wà, àti ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni lé ìyá tó ń ta gàrí lẹ́bàá irin. Ilẹ̀ tó wà lásán, kí èèyàn jẹun lórí rẹ̀ kò burú. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a mọ ìwọ̀n rẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní mairie, kí àwọn ọba àti baálẹ̀ wa mọ ààlà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi bíríkì dí i pa. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí àwọn ọmọ ọmọ wa yóò fẹ́ gbé gba ibẹ̀ kọjá. Ní Dublin, ọdún 46 ni ilẹ̀ fi dúró dè wọ́n. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ṣì rántí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń sùn ní ìlú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn wá, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà láyé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, a kó àwọn ọmọ jáde pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. A ní kí wọ́n wọn tíráàmù sórí pápá ilé ìwé. Mítà 28 àti ààbọ̀: láti ẹsẹ̀ igi máńgòrò, kò tíì dé àárín pápá. Mítà 39: ó kọjá àárín. Nígbà tí wọ́n dé mítà 55, ọmọ tó mú orí okùn ti gba àárín ọgbà kọjá, ó dúró sínú oko ẹ̀gẹ́ aládùúgbò wa. Ọmọ tó béèrè ìbéèrè ọjọ́sí wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó ní: “Maître, a máa ní láti lọ bẹ bàbá olóko.”